Orúnkún Mi àti Eyín Àna Mi

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ẹ̀jìgbò, mo kí yín. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ní kí ẹni tó ti àjò dé dìde kó sọ̀rọ̀ láàárín wa, àwọn tó ti Àbíjàn dé ló máa ń dìde. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òkun, wọ́n á da Faransé mọ́ Yorùbá, wọ́n á ní àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, tibí ò dà bíi tọ̀hún. Èmi ò dé Àbíjàn. Ọ̀tà ni mo lọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí ẹni tó mu ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ẹ̀jìgbò lè dé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Mo tún ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi nílé. Wọ́n ní Ráṣídì ti di jàgídíjàgan ní Ọ̀tà, pé ó lu ọkọ tí àǹtí ẹ̀ fẹ́ fẹ́ títí eyín fi yọ lẹ́nu ọkùnrin náà. Eyín yọ lóòótọ́. Ẹyọ kan ni, èmi ni mo sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lu ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí ó kù díẹ̀ kí ìgbéyàwó Àǹtí Rísì, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tọwọ́ mi bàjẹ́. Ẹ̀bi mi nínú ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀ ju bí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ṣe mọ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kẹta

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Sángò, imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bísíkíìtì tó ń jinná ni. Kó o tó mí tán, afẹ́fẹ́ á yí, òórùn irin tí wọ́n ń yọ́ á gbà á, ti ọṣẹ á tún tẹ̀lé e. Ilé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí ebè ṣe pọ̀ lóko wa.

Gbogbo èèyàn ló ń yára. Mo kí obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, mo ní, "Ẹ kú ọjà mà." Ó na omi sí mi. Mo ní rárá, pé mo kàn kí wọn ni. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni?"

Àǹtí Rísì ń gbé ní Itele, ó sì ti júwe ilé fún mi lórí fóònù ní bí oṣù méjì ṣáájú. Ó ní tí mo bá ti wọ àdúgbò náà, kí n máa ka ṣọ́ọ̀ṣì, kí n yà sí ọ̀tún lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Mo kà á dáadáa. Mo yà. Mo bá ara mi láàárín àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀kan nínú wọn nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n júwe ẹ̀ fún ọ?"

"Bí oṣù méjì."

"Háà! Ṣọ́ọ̀ṣì méjì ti kún un látìgbà yẹn. Karùn-ún ni kó o kà."

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn ẹ̀karùn-ún ni mo rí àǹtí mi, tó dúró lẹ́nu ilé oníyàrá mẹ́wàá tó dojú kọ ara wọn, ó ń wo ọ̀nà bí ẹni pé mo ti sọnù.

Oúnjẹ wọn kọ́kọ́ rú mi lójú. Wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà. Mo rò pé wọn ò rí oúnjẹ se ni, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun gan-an ni oúnjẹ. Mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ oníke, Píjìnì sì ni gbogbo wa fi ń gbọ́ ara wa yé. Lọ́jọ́ kejì mi níbẹ̀, mo ṣí abọ́ oúnjẹ mi, mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé kó wá jẹun, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ èsì tó yẹ kó fún mi. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti ibi tó jìnnà wá. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "My brother, you try." Láti ọjọ́ náà, mo máa ń wo ojú èèyàn kí n tó pè é wá jẹun.

Ìkíni àwọn ọkùnrin náà tún yà mí lẹ́nu. Nílé, ẹni tó bá ń kí àgbà á fi àyà kanlẹ̀. Láàárín àwa ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n á tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á na ìka kan sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa nǹkan tó já bọ́, ó tán nìyẹn. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja mọ́, ojú mi sì gbàgbé bó ṣe ń rí.

Àfẹ̀mọ́jú ní Joju

Àǹtí mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì. Joju ni ọkọ̀ ti máa ń gbé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo sì máa ń sìn ín débẹ̀. Ó fẹ́ràn kí n máa sìn ín. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Àbúrò mi nìyí o, òun ni sójà mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin méjì yọ láti ẹ̀yìn ògiri ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Ọ̀kan gbá àpò àǹtí mi mú. Èkejì dojú kọ mí. Kò mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, kò mú igi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo sá.

Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí. N kò ro nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ kí n tó mọ̀. Mo sá kọjá ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, àwọn ló pè mí pé, "Ta ló ń lé ẹ?" kí n tó rántí pé mo fi èèyàn sílẹ̀ lẹ́yìn. Méjì nínú wọn gbé mi padà. Nígbà tá a débẹ̀, àwọn olè ti lọ, àpò ti lọ, fóònù ti lọ. Àǹtí mi jókòó sí etí kòtò, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń wú mú.

Mo ní, "Àǹtí, mo lọ pe èèyàn wá ni."

Ó gbójú sókè. Ó ní, "O ṣeun tó o tètè dé."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi lọ, kò jáde. Tí mo bá ń jẹun, ó wà níbẹ̀. Tí mo bá ń kó abọ́ oníke sínú páálí, ó wà níbẹ̀. Ìró pé mo lọ pe èèyàn wá tàn kálẹ̀ nínú ilé, àwọn ará ilé sì ń yìn mí pé mo gbọ́n. Mo ń gba ìyìn náà.

Ẹ wá bá wa ṣubú

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé wa, mo ń gbọ́ gbà! gbà! bí ìgbà tí wọ́n ń ju àpò gàrí sílẹ̀ látorí ọkọ̀. Mo yọjú. Obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo rí, wọ́n ń ṣubú. Kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Wọ́n á ṣubú fúnra wọn, wọ́n á fi apá gbá ilẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún ṣubú. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ń kọ́ wọn yíjú sí mi. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó sanra díẹ̀, irun ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Bọ̀dá tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ wọlé. Ẹ wá bá wa ṣubú."

Ojú tì mí láti lọ. Mo wọlé, mo ṣubú, ìdí ni mo sì fi kanlẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìdúró ni mo wà níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń jókòó jẹun.

Mọ́mì Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti ṣe júdò nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí ó ń ṣọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé ní yunifásítì kan. Nítorí àwọn obìnrin tí wọ́n ń já àpò wọn gbà láàárọ̀ ló ṣe dá kíláàsì náà sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń wá, àwọn tó ń júwe ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, àwọn ọmọ yunifásítì ń wá pẹ̀lú bàtà kánfáàsì funfun. Àjẹkù fóòmù ni wọ́n rán sínú àpò ìrẹsì fi ṣe ẹní tí à ń ṣubú lé. Èmi Mùsùlùmí ni mo ń ṣubú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n bi mí ni bóyá mo ti gé èékánná.

Mo rò pé ìjà ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi. Kì í ṣe ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ṣubú tí orí ò ní kanlẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń pariwo, "Padà sẹ́yìn!" láti ìsàlẹ̀ ikùn, kí gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, ibi àtàńpàkò rẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde wà. Ọmọ yunifásítì kan báyìí, tí kò wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan, gbé mi sọlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, "Sọ́rì sà, ṣé ẹ ṣì wà?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun tí mo ń kọ́ sínú rẹ̀, èmi tí tíṣà ò rí kí n kọ nǹkan kan rí. Kí n tó mọ̀, nítorí Sátidé ni mo ṣe ń fara da ọjọ́ mẹ́fà yòókù.

Lọ́jọ́ kan, Mọ́mì Kóòṣì ní, "Ẹsẹ̀ ni ohun ìjà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ráyè sá, kó sá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀." Inú mi ti fẹ́ dùn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ di ọwọ́ ara yín mú, kẹ́ ẹ jọ sá."

Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó wọ̀ mí lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ìta kan wà tí wọn kì í lo ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n á tẹ̀ wọlé lójijì, orí ṣáájú, wọ́n á gbá ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú, wọ́n á fi orí rẹ sọlẹ̀. Bí o bá ti rí èjìká tó ń bọ̀, kó o fa ìdí sẹ́yìn, kó o fi ọwọ́ ti èjìká náà. Bí kò bá dúró, kó o gbé orúnkún. Èmi ò fẹ́ràn ọwọ́ náà, orúnkún ni mo fẹ́ràn. Mo rán fóòmù sínú àpò, mo so ó mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé wa, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ mo ń gbá a lórúnkún. Ojú ọmọkùnrin tó ní "Ìwọ ńkọ́?" ni mo ń rí lára àpò náà.

Mọ́mì Kóòṣì rí i nínú kíláàsì. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ráṣídì, ta lò ń bínú sí?"

"Kò sí mà."

"Ojú ni kó o kọ́kọ́ lò. Ọwọ́ á tẹ̀lé e. Orúnkún ò lójú o. Kò mọ ọ̀rẹ́, kò mọ ọ̀tá."

Mo ní, "Ẹ ṣé mà," mo sì ń bá orúnkún mi lọ.

Àlejò ọjọ́ Àìkú

Àǹtí Rísì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ ṣe máa ń bi ìyá wa ní gbogbo Iléyá pé, "Rísì ńkọ́?" títí obìnrin náà fi ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí àǹtí mi wá sọ fún mi pé ẹnì kan wà, inú mi dùn débi pé mo jó. Lásísì lorúkọ ẹni náà, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, káfíńtà ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń hù ní Itele yẹn, òun ló ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn kan àga. Ó máa ń ṣàwàdà pé òun ni Mùsùlùmí kan ṣoṣo tí gbogbo ìjọ jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Bàbá wa ti kú, ẹ̀yin sì jìnnà. Èmi nìkan ni ọkùnrin ilé wa tó wà ní Ọ̀tà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni Lásísì ní láti kọ́kọ́ wá fi ara hàn kó tó wá bá yín. Àǹtí mi ní, "Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Jọ̀ọ́, wọ aṣọ tó mọ́."

Ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ilé kan, gbogbo ará ilé náà ló ń dọ̀bálẹ̀ fún, àgbà àti ọmọdé. Mo mọ̀. Mo ti rí i nílé rí àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n n kò rò ó mọ́ ara mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Lásísì ti ń sún mọ́ ogójì, ó ga, apá rẹ̀ nípọn bí òpó. Ọkàn mi ní òun ni n óò na ìka sílẹ̀ fún.

Ó dé lóòótọ́, òun àti àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ìjù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìjù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí mi wà nínú yàrá, ó ń to ohun mímu sórí àwo. Lásísì rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó yára.

"Àna mi pàtàkì!" ló wí, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kò tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni, orí ṣáájú, ọwọ́ méjèèjì ń bọ̀ níbi ẹsẹ̀ mi. Ojú mi rí èjìká tó ń wọlé. Mo fa ìdí sẹ́yìn. Orúnkún mi ti lọ.

Ó dún bí ìgbà tí ọmọ odó bá kan ìyá odó. Lásísì sì parí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ náà, ó nà gbalaja, fìlà rẹ̀ yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ. Èmi dúró gírí, ọwọ́ mi méjèèjì sókè, ohun tó sì tún jáde lẹ́nu mi ni, "Padà sẹ́yìn!"

Láti ilẹ̀ níbẹ̀, Lásísì fi ẹnu tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ní, "Mo ti padà, àna mi."

"Yéè!" Ìyá Ìjù ká ọwọ́ lórí. "Ẹ gbà mí o! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá àna lóhùn ní Ẹ̀jìgbò?"

Àǹtí mi jáde pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó wo Lásísì, ó wò mí, ó gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa eyín náà nílẹ̀, ó fi etí ìborùn rẹ̀ wé e. Kò pariwo. Ìyá Ìjù ti gbé Lásísì dìde, ó ń wọ́ ọ lọ. Láti ojú ọ̀nà ló ti kígbe padà pé, "Ilé oníjà ni! A ò fẹ́ mọ́! Rísì, wá ọkọ míì!"

Ilé tí àga kún

Fún ọjọ́ mẹ́ta, àǹtí mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, ẹran tó ń fi sí i ò dín kù, ó kàn ń gbé e síwájú mi lọ. Ó sàn kó bú mi. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá Mọ́mì Kóòṣì, mo rò ó fún un. Mo ń retí kó sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Dúró kí n wọ bàtà. Lọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ wá."

Àwa mẹ́ta la lọ sí Ìjù. Ìyá Ìjù ò ní ká jókòó, bẹ́ẹ̀ àga kún ilé náà, iṣẹ́ ọwọ́ Lásísì ni gbogbo rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mọ́mì Kóòṣì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀bi tèmi ni mà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí bí ìyá ìjọ yìí?"

"Èmi náà ni mà."

"Kí lẹ kọ́ ọ fún?"

"Kó lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀ ni mà."

"Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ ẹni tó wá dọ̀bálẹ̀ fún un?" Ó kọjú sí mi nílẹ̀ níbi tí mo wà. "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni. Kí ló ṣe ọ́ tó o fi lọ ń kọ́ ìjà láàárín àwọn obìnrin? Ta lò ń wá? Kí n mọ irú ilé tí ọmọ mi fẹ́ ti fẹ́yàwó."

Mo ti ní irọ́ kan nílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé eré ìdárayá lásán ni. Ó ti dé ètè mi. Mo ti apá kan wo àǹtí mi, ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi ìka yí etí ìborùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí mo tọ́jú.

"Mo sá ni mà."

"O sá fún kí ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kẹ́ mi lórí sìmẹ́ńtì. Mo sọ ti Joju. Mo sọ pé ẹni tó wò mí ò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Mo sọ pé n kò lọ pe èèyàn, àwọn ọlọ́kadà ló dá mi dúró, pé irọ́ ni mo pa fún àǹtí mi, mo sì ń gba ìyìn lórí rẹ̀. Mo ní kì í ṣe torí pé mo fẹ́ràn ìjà ni mo ṣe lọ kọ́ ọ, mo kàn fẹ́ jẹ́ ẹni tó lè dúró ni. Mo kọ́ bí a ṣe ń dúró ju bí a ṣe ń wò lọ. Mo ní bí wọ́n bá kọ̀ mí, kò burú, kí wọ́n má kọ àǹtí mi, torí kò ṣẹ̀ wọ́n, èmi náà ló ṣẹ̀ wọ́n, èmi náà ló sì ṣẹ òun.

Ìyá Ìjù fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Ìyẹn ni pé olè lo sá fún, àna ẹ lo wá dúró dè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

A gbọ́ ariwo kan láti inú yàrá. Lásísì ló jáde, ètè rẹ̀ wú bí àkàrà, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ẹ̀rín ń pa á lọ.

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, ètè ń dùn mí! Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Èmi náà sá rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá já fóònù ọ̀gá mi gbà níbi iṣẹ́, orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí mi. Wọn ò tíì kan pákó òrùlé náà tán o. Títí dòní, n kò mọ bí mo ṣe débẹ̀."

"Lásísì, eyín ẹ ńkọ́?"

"Ẹyọ kan ni, Ìyá. Ó ṣì kù. Àwa tó sá la pọ̀ jù láyé. Èyí tó sá, tó tún padà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró, ẹ jẹ́ ká fi ṣe àna. Kò ní fi àǹtí ẹ̀ sílẹ̀ mọ́, kò sì ní fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ìyá Ìjù mí kanlẹ̀. Ó wo Lásísì, ó wo àǹtí mi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ará ilé ìyàwó kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ, kò sí nínú àṣà. Ṣùgbọ́n èyí jẹ̀bi. Dìde, yíjú sí i."

Mo dìde, mo yíjú sí i. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú báyìí, Lásísì fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Díẹ̀díẹ̀ o, àna mi! Díẹ̀díẹ̀!"

Ìyá Ìjù tó ti fajú ro látìgbà tá a ti wọlé bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìgbà náà ló tó ní kí àwa náà jókòó. Ó din ọ̀jọ̀jọ̀ fún wa, ó gbóná fẹlifẹli. Lásísì ò lè jẹ ẹ́, ó kàn ń wò wá, ó ń ní ká jẹ tòun náà kún un.

Ọ̀nà ilé

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ń bọ̀ ní Ẹ̀jìgbò wá bá yín tọrọ Rísì. Mo ṣáájú wọn wá ni. Ẹ óò rí àlàfo kan níwájú ẹnu ọkọ ìyàwó. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí, ẹ má bi í léèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ á fẹ́ sọ ọ́, torí ó ti sọ ọ́ fún gbogbo Itele. Ó ti wọ kíláàsì wa. Òun ló mọ ìṣubú jù, ó ní ẹni tó bá ń gun òrùlé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, Mọ́mì Kóòṣì gba orúnkún lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tó fún mi ni kí n máa ṣe olè, kí àwọn obìnrin máa gbé mi sọlẹ̀. Mo ń ṣe é dáadáa. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí mo ṣe mọ orúnkún lọ.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tá a kúrò ní Ìjù, Mọ́mì Kóòṣì yà lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ku èmi àti àǹtí mi. A rìn díẹ̀. Oòrùn ṣì mú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ọjọ́ Àìkú nìyí.

"Mo mọ̀ tipẹ́."

"Kí lẹ mọ̀, Àǹtí?"

"Pé o sá. Ọmọkùnrin yẹn di ọwọ́ mi mú, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ bó ṣe ń lọ. Mo ń gbàdúrà pé kó o má ṣubú."

A dé ibi tí omi dá ọ̀nà sí méjì, ó na ọwọ́ sí mi láìwò mí. Mo dì í mú, a jọ fò ó.